Táyà Rọ̀ Ní Ìdájí: Ìyá Alátà Lọ Ra Pọ́ǹpù

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó bá ní mọ́tò, ì báà ṣe bọ́ọ̀sì akérò, ì báà ṣe kòròpé, ì báà ṣe ọ̀kadà lásán, ó yẹ kó máa wo táyà rẹ̀ bí babaláwo ṣe ń wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Táyà tó le bí òkúta lánàá lè rọ̀ bí àmàlà lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá alátà kan n'Ìbàdàn nìyẹn, ìyà tó sì jẹ ẹ́ lè di ọgbọ́n fún ẹlòmíì.

Ìyá yìí a máa lọ ra ata rodo àti tòmátì lóko lágbègbè Ìṣẹ́yìn, ọjà Bódìjà ló sì ń kó wọn wá tà. Òun ló ni bọ́ọ̀sì tó fi ń kẹ́rù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wà á. Lọ́jọ́ kan báyìí, apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n kó. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni wọ́n gbéra kí wọ́n lè bá àwọn oníbàárà àárọ̀ lọ́jà. Wọn ò tíì dé Mọ́níyà tí bọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátá.

"Kò burú," ìyá ní, "ṣe bí sípéà wà ńbẹ̀?"

Sípéà wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Jáàkì wà, sípánà wà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú táyà tó jò, tí wọ́n de sípéà, tí wọ́n sì sọ jáàkì kalẹ̀, sípéà náà tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ti wo atẹ́gùn inú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀ràn dé! Òkùnkùn biribiri, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, obìnrin tó so owó ọjà mọ́ ìdí sì rèé lẹ́bàá títì. Àdúrà ló ń gbà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́kadà kan ló gbé dẹ́rẹ́bà àti táyà lọ wá fọ́kánáísà, fọ́kánáísà ọ̀hún ò sì tètè jáde. Kí wọ́n tó dé Bódìjà, oòrùn ti gun orí, àwọn alájàpá tí í rà lápẹ̀rẹ̀-lápẹ̀rẹ̀ ti lọ, omi tòmátì sì ti ń ṣàn nídìí bọ́ọ̀sì. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló dà nù, mẹ́ta ló tà bí ẹni fi tọrẹ. Owó àjọ tó yẹ kó dá lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ti lọ yá a.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá búra pé òun ò tún ní rìnrìn àjò láìsí pọ́ǹpù nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, ọmọkùnrin kan tó ń kiri ọjà dé pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju agolo mílíìkì lọ. Wọ́n kọ "150 PSI" gàdàgbà sí i lára.

"Màmá, èyí á fẹ́ táyà tírélà!" Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà ń wí. "Táyà tí ẹ ń lò ò ju 32 lọ, 150 rèé!"

Inú dẹ́rẹ́bà dùn nítorí kò wọ́n. Ìyá ti ń tú owó nídìí ìró kó tó rántí bàbá fọ́kánáísà tó wà ní oríta, ẹni tó ti ń lẹ táyà láti ìgbà tí ìyá ti wà lọ́mọge. Ó ní kí ọlọ́jà dúró ná, ó mú pọ́ǹpù lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ bàbá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Ìyá alátà, ẹ kú ọjà. Ẹ jókòó." Bàbá gba pọ́ǹpù, ó yí i po, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá fẹ́ pọn omi kún àgbá, ife lẹ ó fi pọn ọ́n ni àbí bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá."

"Ó dáa. 150 tí wọ́n kọ síbí, gíga tó lè gùn ni. Ó dà bí ẹni tó lè fi àkàbà gun òkè àjà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ife ló gbé lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni iye lítà atẹ́gùn tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń tú lítà 35 jáde á parí iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí èyí tó ń tú 10 tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Àwọn tó bá dáa máa ń kọ ọ́ sára páálí. Èyí tí wọn ò bá kọ iye lítà sí, tó jẹ́ PSI nìkan ni wọ́n ń fi yangàn, ẹ rọra ṣe."

Ìyá bèèrè pé kí gan-an ni PSI tí gbogbo wọn ń pariwo yìí. Bàbá ṣàlàyé pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó nínú táyà ni. Géèjì mìíràn ń ka "bar", òmíràn ń ka "kPa". Bar kan jẹ́ PSI 14 àbọ̀, nítorí náà bí ẹnì kan bá rí bar 2.2 tàbí kPa 220, nǹkan bíi PSI 32 náà ni.

"Kí ẹ sì tó ra pọ́ǹpù rárá," bàbá tún ní, "ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà tí táyà tiyín ń jẹ. Dẹ́rẹ́bà, èló lo máa ń fẹ́ sí i?"

"32 yíká ni, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Dẹ́rẹ́bà ò lè fèsì. Bàbá ní kó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà, kó wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, kó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ náà lọ, ó padà dé pẹ̀lú ẹnu lílà. Ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn sì ju 32 lọ dáadáa, torí pé bọ́ọ̀sì akẹ́rù ni.

Bàbá mi orí. Ó ní mọ́tò kékeré tí ènìyàn ń gùn lásán sábà máa ń jẹ láàárín 28 sí 36, àmọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kẹ́rù ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tírélà sì lè fẹ́ tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀, òpin ibi tí táyà náà lè gbà dé nìyẹn. Kì í ṣe iye tó yẹ kí wọ́n fẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ti ara òpó ilẹ̀kùn tàbí ti inú ìwé mọ́tò ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé.

"Ẹ wò ó, ìyá alátà, rọ́bà kọ́ ló ń gbé ata yín. Atẹ́gùn ló ń gbé e."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ táyà, Dunlop, orúkọ ènìyàn ni. John Boyd Dunlop, ọmọ Scotland tó ń ṣe dókítà ẹran nílùú Belfast, ló ṣe táyà alátẹ́gùn sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, torí pé táyà líle tayé ìgbà náà ń gbo ọmọ náà jìgìjìgì. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ rọ́bà ni kó di atẹ́gùn mú, iṣẹ́ atẹ́gùn ni kó gbé ẹrù. Bí atẹ́gùn bá dín, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tí kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa wó, á máa nà, á máa wó, á máa nà, bí táyà ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni yóò ti gbóná. Bó bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ á ya, á sì bẹ́ gbòlà lórí eré. Ọ̀pọ̀ táyà tó bẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ayé ló ṣe é, atẹ́gùn tí kò tó ló ṣe é.

"Ẹ gbọ́, Bàbá," ìyá ní, "èwo wá ni kí n rà?"

Bàbá ní oríṣi mẹ́rin ló wà, kálukú ló sì níṣẹ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò ń fẹ́ bátìrì, kò ń fẹ́ iná, kò sì tètè bàjẹ́. Ó dáa fún ọlọ́kadà àti ẹni tó ní mọ́tò kékeré. Ṣùgbọ́n bí táyà bọ́ọ̀sì bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé òpin, orúnkún rẹ̀ á sọ fún un.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò tí àwọn amusìgá fi ń tan sìgá nínú mọ́tò. Òun ló wọ́pọ̀ jù. Fíùsì ihò yẹn sábà máa ń jẹ́ 10, 15 tàbí 20. Bí pọ́ǹpù bá ń fa iná ju ìyẹn lọ, fíùsì á jó. Nítorí náà ni kò fi lè lágbára púpọ̀. Ó tó fún mọ́tò kékeré.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní wáyà méjì tó nípọn, tí ẹnu wọn dà bí ẹnu ọ̀nì, tí wọ́n ń fi gé bátìrì mọ́tò fúnra rẹ̀ jẹ, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Èyí lè fa iná púpọ̀, ó sì ń tú atẹ́gùn jáde bó ṣe yẹ. Òun ló yẹ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tí wọ́n ń sá sí iná bíi tẹlifóònù. Ó rọrùn, ó sì mọ́ lójú, ẹlòmíì ń dá dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti dé nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Àmọ́ ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ máa rántí sá a síná. Bí kò bá sí iná ní àdúgbò fún ọjọ́ mẹ́ta, tí táyà sì rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹrù lásán ló gbé kiri. Kò sì yẹ kó máa sùn nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, nítorí ooru ń ba irú bátìrì bẹ́ẹ̀ jẹ́.

"Tírélà ńkọ́?" dẹ́rẹ́bà bèèrè.

"Bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, 24 volt ni. Pọ́ǹpù tiwa yìí, 12 volt ni. Bó o bá gbé e mọ́ 24, èéfín lo máa rí."

Àwọn ọmọṣẹ́ bàbá ti ń wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ò lè pa á mọ́ra, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mà ń lé oníbàárà wa lọ o! Bí gbogbo ènìyàn bá ra pọ́ǹpù, kí la ó máa jẹ?"

Ìyá náà dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí, torí pé òun náà mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹlòmíì bá gbé àtẹ síwájú àtẹ ẹni.

Bàbá ò bínú. Ó mú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń lẹ táyà, ó fi hàn án. "Pọ́ǹpù kì í lẹ táyà. Ìṣó tó bá wọlé, pọ́ǹpù ò lè yọ ọ́. Ohun tí pọ́ǹpù ń ṣe ni pé kó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa láàyè. Òkú kì í lẹ táyà, ọmọ mi."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Bàbá wá kọ́ ìyá ní ohun tó máa wò lọ́jà kó tó sanwó. Wáyà àti họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gùn débi pé bí wọ́n bá so ó mọ́ bátìrì níwájú, á dé táyà ẹ̀yìn. Wáyà tó kúrú, ìyà ni. Ẹnu tó ń mú fáàfù, kó jẹ́ idẹ, kì í ṣe ike, torí pé ẹnu pọ́ǹpù máa ń gbóná, ike á sì rọ̀. Kí wọ́n bèèrè ìṣẹ́jú tó lè ṣiṣẹ́ kó tó sinmi. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké, ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n lè fi ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ní láti sinmi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n má baà jóná. Kí wọ́n ra géèjì lọ́tọ̀, nítorí géèjì ara pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú máa ń purọ́.

"Lékè gbogbo rẹ̀," bàbá ní, "ẹ má sanwó pọ́ǹpù tí wọn ò dán wò lójú yín. Kí wọ́n tú atẹ́gùn táyà kan sílẹ̀ dé 20, kí wọ́n fẹ́ ẹ padà, kí ẹ máa wo aago. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé géèjì wọn wá síbí, ká fi wé tèmi."

Ìyá padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́jà, ó ní kó dán tirẹ̀ wò. Wọ́n kì í bọ ihò sìgá bọ́ọ̀sì. Ariwo ló kọ́kọ́ pa, bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, géèjì ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mira. Kó tó tó ìṣẹ́jú méjìlá, ara pọ́ǹpù ti gbóná bí ààrò, òórùn ike tó ń jó sì gba afẹ́fẹ́. Ọmọkùnrin ọlọ́jà fà á yọ, ó ní òun ń bọ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá àti dẹ́rẹ́bà lọ sí Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta pátì mọ́tò. Ìlọ́po mẹ́ta owó tọmọkùnrin yẹn ni wọ́n san fún ẹlẹ́nu ọ̀nì tí wọ́n rà, ó sì dun ìyá wọ eegun. Ó fi owó náà wé owó tòmátì tó dà nù. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí irú ìyẹn bá tún ṣẹlẹ̀, pọ́ǹpù ti sanwó ara rẹ̀. Ó ra géèjì lọ́tọ̀. Wọ́n gbé méjèèjì lọ bá bàbá. Géèjì ara pọ́ǹpù ń fi PSI mẹ́ta ṣi ọ̀nà. Bàbá ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣáà máa fi géèjì ọ̀tọ̀ yẹn ṣe ìdájọ́.

Kí wọ́n tó lọ, bàbá fún dẹ́rẹ́bà ní òfin díẹ̀, ó sì ní kó ká a bí àkàyé. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, kí bátìrì má baà kú. Kó má ṣe é nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa ènìyàn láì pariwo. Kó má gbé ojú lé táyà tó ń fẹ́ lọ́wọ́, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́. Táyà tí wọ́n ti fi rìn lórí ríìmù nígbà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má fẹ́ ẹ, kó gbé e fún fọ́kánáísà kó tú u wò nínú, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti ya. Kó máa wo atẹ́gùn ní ìdájí kí mọ́tò tó rìn, nígbà tí táyà tutù. Táyà tó ti sáré, ooru ti wú atẹ́gùn inú rẹ̀, géèjì á sì kà ju bó ṣe yẹ lọ. Kó má wá máa tú atẹ́gùn táyà gbígbóná dànù, bó bá tutù tán, á dín. Àti sípéà! Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Ìṣẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà mú géèjì lọ́wọ́ ní ìdájí kí wọ́n tó kẹ́rù. Táyà mẹ́ta pé. Ẹ̀kẹrin ti fi ju ìlàjì lọ dín. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó rí orí ìṣó. Kò yọ ọ́. Ó so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì, ó fẹ́ táyà náà dé nọ́ńbà rẹ̀, ó sì rọra wa bọ́ọ̀sì lófìfo lọ bá fọ́kánáísà tó ń gbé nínú ìlú ibẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dìde lẹ́ ẹ. Aago mẹ́fà ni wọ́n gbéra pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàlá. Kò sí èyí tó jò.

Nígbà tí ìyá tà tán, ó pọ́n ata rodo kan sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ fún bàbá ní oríta. Àwọn alátà méjì tẹ̀ lé e, kálukú wọn mú géèjì tirẹ̀ lọ́wọ́ fún bàbá kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọṣẹ́ tó ń kùn lọ́jọ́sí ló dìde gbé àga fún wọn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn kó wo táyà rẹ̀ nílé, kó wo sípéà rẹ̀ nílé, kó dán pọ́ǹpù rẹ̀ wò nílé. Inú igbó láàárín òru kọ́ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ife ni wọ́n rà.